Bí a ṣe ń dúró de Ọlọ́run nígbà tí ọ̀nà bá dí

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá ti gbàdúrà títí tó wá dà bíi pé Ọlọ́run ò gbọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ìdúró yìí le, ẹni tó bá ní ò le, kò tíì dúró pẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń dùn yín gan-an fún Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ Sáàmù 13 pé títí dìgbà wo, Ọlọ́run ò sì lé e lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wá ìwé kékeré kan, ẹ kọ ohun tí ẹ ń tọrọ síbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Èmi náà ní tèmi, tí ọkàn mi bá ti fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì mo máa ń ṣí i, àwọn àdúrà kan wà níbẹ̀ tó ti gbà tipẹ́ tí mi ò tiẹ̀ rántí mọ́ pé mo gbà á.

Tí ọ̀nà kan bá wá là, ẹ má tíì sáré. Ọba Sọ́ọ̀lù tó ń wá Dáfídì pa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ihò àpáta tí Dáfídì sá pamọ́ sí, àwọn èèyàn Dáfídì ní ọjọ́ tí Ọlọ́run ṣèlérí ti dé, síbẹ̀ etí aṣọ Sọ́ọ̀lù nìkan ni Dáfídì gé, ìyẹn gan-an tún ń dà á láàmú. Torí náà ẹ bi ara yín: ṣé màá parọ́ kí n tó gba ibí kọjá? Ṣé màá ṣe ẹnì kan ní ibi? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Jósẹ́fù ló máa ń mú mi lọ́kàn jù. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n tà á, ó di ẹni 30 ọdún kó tó dúró níwájú Fáráò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́wọ̀n, ó rí agbọ́tí ọba àti alásè, ó ní kí ló dé tí ojú yín fi fà ro báyìí? Ẹ wò ó o, ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́, tó wà ní ìlú onílùú, ló ń wo ojú ẹlòmíì! Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rọ́ àlá wọn fún un, ó túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, ìtúmọ̀ àlá yẹn ló sì padà mú un jáde. Agbọ́tí yẹn tún wá gbàgbé ẹ̀ fún odindi ọdún 2, àbí ẹ ò rí i, ìgbà téèyàn ti rí ìmọ́lẹ̀ tó tún wá kú lójú ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń le jù. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ wà báyìí, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ ṣe é dáadáa, kí ẹ sì béèrè àlàáfíà ẹnì kan.

Tó bá sì ti rẹ̀ yín débi pé àdúrà ò jáde lẹ́nu mọ́, ẹ jẹun, ẹ lọ sùn. Èlíjà ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì ò bá a wí, oúnjẹ ló gbé fún un, Èlíjà tún sùn, áńgẹ́lì náà tún jí i pé kó dìde wá jẹun sí i.