Ẹ rí dókítà eyín kẹ́ ẹ tó ṣe máàsìkì o

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó máàsìkì radiotherapy (iná ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ), inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀yìn imú ni jẹjẹrẹ tèmi wà, ìgbà 35 ni wọ́n ní wọ́n máa jó o, Monday sí Friday, ọ̀sẹ̀ 7 gbáko. Ti káàdì gbígbà àti ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò, mi ò ní rojọ́ ìyẹn.

Máàsìkì yẹn, ike oníhò wẹ́wẹ́ ni, wọ́n á kì í bọ omi gbígbóná kó rọ̀, wọ́n á fà á bò yín lójú títí dé èjìká, tó bá ti tutù ó ti le nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń de orí mọ́ tábìlì. Ibi tí itọ́ ti ń wá lábẹ́ etí ò jìnnà síbi tí wọ́n fẹ́ jó, ọ̀pá ẹ̀yìn náà wà nítòsí, téèyàn bá mira pẹ́nrẹ́n iná á lọ síbi tí wọn ò rán an. Mi ò mira o, wọ́n tiẹ̀ yìn mí.

A ṣe máàsìkì tán, a ṣe scan (àwòrán inú ara) tán, ìgbà yẹn ni dókítà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kí n la ẹnu. "Bàbá, ṣé ẹ ti rí dókítà eyín?" Ta ló sọ fún mi! Eyín méjì ti jẹrà nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ wọ́n, torí tí iná bá ti kan egungun àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ò ní máa débẹ̀ dáadáa mọ́, téèyàn bá wá yọ eyín lẹ́yìn ẹ̀, ojú ibẹ̀ lè má jiná, egungun ọ̀hún lè kú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kí n lọ dúró ọ̀sẹ̀ 2, bí ẹni pé jẹjẹrẹ máa bá mi dúró! Ògì ni mò ń mu, mo rù kalẹ̀. Mo padà débẹ̀, wọ́n gbé máàsìkì bò mí, ìka wọ àárín ike àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣàì. Máàsìkì míì, scan míì, owó míì. Nọ́ọ̀sì ní "ẹ má bínú, Dádì". Kí n má bínú kẹ̀?

Ẹ fá irùngbọ̀n náà kẹ́ ẹ tó lọ ṣe máàsìkì, kẹ́ ẹ sì máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ díẹ̀ àti baking soda fọ ẹnu, kì í ṣe oògùn ìfọnu tó ní ọtí nínú, ó máa ń ta bí ata.

Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ nínú 35 yẹn. Itọ́ tí iná mú gbẹ ti ń padà díẹ̀díẹ̀, mo lè jẹ búrẹ́dì bí omi bá wà nítòsí. Máàsìkì àkọ́kọ́ ṣì wà nílé, ọmọ-ọmọ mi ló ń fi ṣe eégún.