Bí a ṣe ń wá ibi tí ìdá aljébrà kò ti nítumọ̀

Nínú ìdánwò, ìbéèrè yìí kì í ju ìlà kan lọ: wọ́n á fún yín ní ìdá kan tí x wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ sọ iye x tí ìdá náà kò fi ní nítumọ̀. Máàkì tó yẹ kéèyàn gbà wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, àmọ́ àwọn ọmọ SS2 tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì l'Ẹ̀pẹ́ níbí ń sọ ọ́ nù ṣáá, ó sì ń dùn mí.

Ká ní èèyàn x fẹ́ dáwó ra ẹja 12,000 náírà ní ọjà Olúwo, ni àwọn mẹ́ta bá ní àwọn ò ṣe mọ́. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san di 12,000/(x − 3). Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún tẹ́lẹ̀, 6,000 ni. Bó bá jẹ́ pé mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kù tí a máa pín owó náà fún. Kò sì sí nọ́ńbà tí a lè fi sọ òdo di púpọ̀ tí yóò dá 12,000. Ìdí nìyẹn tí ìdá náà kò fi nítumọ̀ bí x bá jẹ́ 3.

Ìsàlẹ̀ ìdá nìkan ni ẹ máa wò. Ẹ mú rúlà tàbí èyíkéyìí nínú ìwé yín, ẹ fi bo òkè ìdá mọ́lẹ̀, ẹ má sì gbé e kúrò títí ẹ ó fi kọ ìdáhùn. Nínú (x − 4)/(x + 1), àwọn kan á kọ 4. Irọ́ ni: 4 sọ òkè di òdo, òdo tí a fi 5 pín sì jẹ́ òdo, ó nítumọ̀ dáadáa. −1 ni ìdáhùn.

Ẹ kọ ìsàlẹ̀ náà pé ó jẹ́ òdo, kí ẹ wá x. Bí x² bá wà níbẹ̀, ẹ tú u sínú àkámọ́. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti tó fún iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ x² − 4x, ẹ má fi x pín in o, 0 á sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tó máa dà ni x(x − 4), 0 àti 4 ni ìdáhùn.

Ibi tó ń bàjẹ́ jù wá rèé. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ kí ẹ tó wá òdo ìsàlẹ̀. Ẹ wo (x + 2)/(x² − x − 6). Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni (x − 3)(x + 2). Ọmọ á rí x + 2 lókè, á rí i nísàlẹ̀, á fa ìlà lé méjèèjì, á ku 1/(x − 3). Á kọ x = 3, á gbé bírò sílẹ̀. Ààbọ̀ ìdáhùn nìyẹn.

Ẹ fi −2 sínú ìdá tí wọ́n fún yín gan-an: òkè di òdo, ìsàlẹ̀ náà di òdo. Òdo tí a fi òdo pín kì í ṣe 1, kì í sì í ṣe òdo. Nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá fi sọ òdo di púpọ̀, òdo náà ló máa dá, kò wá sí èyí tí a lè mú nínú wọn. Pípa tí ẹ ń pa x + 2 rẹ́ yẹn, ẹ̀ ń fi x + 2 pín òkè àti ìsàlẹ̀ ni, ẹ ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí x + 2 ti jẹ́ òdo. 3 àti −2 ni ẹ máa kọ, méjèèjì.

Ẹ fi kákúlétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti orí fóònù náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fi −2 sínú àkámọ́ kí ẹ tó tẹ ², nítorí ọ̀pọ̀ kákúlétọ̀ máa ka −2² sí −4, ìsàlẹ̀ á wá di −8, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ṣì í.

Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ x² + 9, ẹ má wá òdo kiri: x² kì í kéré sí òdo, nítorí náà 9 ló kéré jù níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kò sí.

Bó bá jẹ́ ìdá ni wọ́n fi pín ìdá, bíi x/(x − 1) ÷ (x − 5)/(x + 2), ẹ wo ìsàlẹ̀ méjèèjì, kí ẹ wá ṣí rúlà kúrò lórí òkè ìdá kejì, torí òun náà ló ń di ìsàlẹ̀ tí ẹ bá dorí ìdá kejì yẹn kodò. 1, −2 àti 5 ni ìdáhùn ibẹ̀.