Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń wá nǹkan tí kò wọ́n tẹ́ sílé ẹṣin

Ẹ̀yin ìdílé Balógun n'Ìjẹ̀bú-Òde àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹṣin sílé torí Ojúde Ọba, ẹ gbọ́ o. Owó tá à ń ná sórí gàárì àti aṣọ ẹṣin kì í ṣe kékeré, àmọ́ tó bá dórí nǹkan tó máa dùbúlẹ̀ lé, èyíkéyìí tó bá ti pọ́ọ́kú la máa ń gbé wá, ó sì ń dùn mí gan-an.

Àwọn kan kì í tiẹ̀ tẹ́ nǹkan kan, wọ́n á ní ṣebí orí ìdúró lẹṣin ti ń sùn. Lóòótọ́ ó máa ń tòògbé lórí ìdúró, àmọ́ kí oorun ẹ̀ tó wọra àfi kó dùbúlẹ̀, tílẹ̀ bá sì jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán kò ní fẹ́ dùbúlẹ̀, tó bá dùbúlẹ̀ náà orúnkún ẹ̀ á bó.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé sọ́dọ́ọ̀sì tí wọ́n kó kúrò lábẹ́ adìyẹ wá, kódà kí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Oúnjẹ adìyẹ máa ń dà sínú ẹ̀, àwọn oúnjẹ brọ́ílà kan sì ní oògùn tí wọ́n ń pè ní monensin, adìyẹ ń jẹ ẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ tẹ́ṣin bá jẹ díẹ̀ báyìí ọkàn ẹ̀ ló máa bà jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń pa á.

Sọ́dọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ọ̀kan. Lẹ́búlẹ́bú tó ń jáde nídìí ẹ̀rọ tó ń lagi ní sọ́mìlì máa ń mú kẹ́ṣin wúkọ́. Èyí tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń fá pákó ló dáa, mo sì fẹ́ràn ti igi mélínà láti J4, igbó ọba tó wà lápá Ìjẹ̀bú, ju ti ìrókò lọ, torí lẹ́bú ìrókò ń yún àwọn tó ń là á fúnra wọn. Ẹ má gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ìṣó wà níbẹ̀, sólígínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lé ikán lára igi àti gọ́ọ̀mù pláíwúùdù náà wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò, ẹ bù ú kẹ́ ẹ fún un pọ̀ lọ́wọ́: tó bá dì, tó gbóná, tàbí tó ti hu funfun funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Èèpo ìrẹsì kì í fa ìtọ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ yanrìn lẹ tẹ́, ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀, torí ẹṣin á gbé yanrìn mì, inú á máa run ún, ẹṣin kì í sì í bì.

Ibi tówó ti ń ṣòfò jù ni fífẹ́lẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, ilẹ̀ á mọ́, gbogbo ẹ̀ á ti tutù, ẹ ó dà á nù. Tó bá ga tó ínǹṣì mẹ́fà, ibi tó tutù nìkan lẹ máa kó láràárọ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹ̀. Ẹ má kàn da tuntun lé èyí tó tutù lórí o, òórùn ìtọ̀ á máa ta ẹṣin nímú, abẹ́ pátákò ẹ̀ á dúdú, á máa jẹrà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń jẹ́. Iléyá 2024 àti 2025, inú oṣù kẹfà ni méjèèjì bọ́ sí, òjò ti ń rọ̀ nígbà yẹn, torí náà ẹ tètè ra tiyín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́ ẹ kó o sórí pákó lábẹ́ òrùlé, kó má kan ilẹ̀.