Títo Hẹlikọ́pítà Onírìmóòtù Àkọ́kọ́

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hẹlikọ́pítà onírìmóòtù, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfìgbà tó bá fò ó. Ẹ ní sùúrù. Orí tábìlì ni iṣẹ́ wà: èyí tí a kò tò dáadáa, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, apá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti fọ́. Ìwọ̀n 450 (orúkọ tí wọ́n fi ń pe hẹlikọ́pítà tó tóbi tó báyìí) là ń bá wí níbí, èyí tí apá abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí 325 mm, tó sì ń lo bátìrì LiPo (irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan) onísẹ́ẹ̀lì 3.

Kí ẹ tó so bátìrì

Ẹ yọ méjì nínú wáyà mẹ́ta tó lọ sínú ẹ̀rọ tó ń yí abẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n wà ní yíyọ títí iṣẹ́ tábìlì á fi parí, torí abẹ̀bẹ̀ tó bá ṣàdédé yí lè gé ìka. Rìmóòtù lẹ máa kọ́kọ́ tàn, òun náà lẹ máa pa kẹ́yìn.

Ẹ tú gbogbo síkúrù tó wọ inú irin, ẹ kán gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù díẹ̀ sí i, ẹ dì í padà. Gọ́ọ̀mù yìí kò gbọ́dọ̀ kan ike o, ó máa ń jẹ́ kí ike sán. Ní ti jíà, ẹ fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín jíà kékeré àti ńlá, ẹ tì wọ́n pọ̀, ẹ di síkúrù, kí ẹ wá fọwọ́ yí jíà kí ìwé náà lè jáde. Bí ìwé bá jáde ní wíwọ́ bí eyín ayùn, tí kò sì ya, ó ti tó. Bó bá ya, jíà ti fún jù.

Orí

Ẹ fi ọ̀pá agbára tó wà lórí rìmóòtù sí àárín gan-an. Kí apá servo (ẹ̀rọ kékeré tó ń ti irin ìdarí) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti irin tó so mọ́ wọn ṣe igun 90°, kí swashplate (àwo abẹ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń yí igun apá rẹ̀ padà) tẹ́jú, kí òṣùwọ̀n igun apá abẹ̀bẹ̀ sì ka 0°. Fún ẹni tó ń kọ́, +9° nígbà tí ọ̀pá bá wà lókè àti -2° nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ tó.

Ìrù, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé bí ẹ bá ti ọ̀pá ìrù tó wà lórí rìmóòtù sí ọ̀tún, ìrù á ṣiṣẹ́ láti yí imú sí ọ̀tún. Bó bá lódì, inú rìmóòtù lẹ ti máa yí i padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ti ọ̀pá sí ọ̀tún, kí ẹ ṣọ́ ibi tí irin kékeré tó ń ti apá abẹ̀bẹ̀ ìrù sún sí. Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀. Ẹ wá gbá imú hẹlikọ́pítà sí òsì lójijì: ibi kan náà ni irin yẹn gbọ́dọ̀ sún sí. Bó bá sún sí òdìkejì, gyro (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ìrù dúró ṣinṣin) ń ṣiṣẹ́ lódì, inú ètò gyro fúnra rẹ̀ lẹ ti máa tún un ṣe. Ẹ má tìtorí ìkánjú fo ìdánwò yìí. Hẹlikọ́pítà tí gyro rẹ̀ lódì á máa pòyì bí òkòtó ni, kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró.

Bí ìrù bá ń jù fìrìfìrì nígbà tó bá fò, agbára gyro ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Bó bá ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi kún un. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá gyro lẹ́bi, ẹ yọ irin ìrù kúrò lára servo, ẹ fi ìka kan tì í lọ tì í bọ̀. Bó bá ń há, ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà.

Apá abẹ̀bẹ̀ méjèèjì ní ipa kan

Ẹ fi téèpù pupa sí etí apá kan, dúdú sí èkejì, kí méjèèjì gùn bákan náà. Ẹ dá wáyà padà, ẹ gbé e síta, ẹ jìnnà tó mítà 5, ẹ yí abẹ̀bẹ̀ títí yóò fi fẹ́ gbéra. Bí ẹ bá rí àwọ̀ méjì tó gun ara wọn, apá kan ga ju èkejì lọ. Ẹ pa á, ẹ fi ààbọ̀ ìyípo tún irin apá tó wà nísàlẹ̀ ṣe kí igun rẹ̀ lè ga díẹ̀, ẹ tún un wò. Ó lè gbà tó ìgbà mẹ́ta.

Bátìrì

Sẹ́ẹ̀lì tó kún jẹ́ 4.2 V, ìyẹn 12.6 V fún mẹ́ta. Ẹ fi aago sí ìṣẹ́jú 4, kí ẹ balẹ̀ bó bá dún. Bí ẹ kò bá ní fò fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi bátìrì sí 3.8 V fún sẹ́ẹ̀lì kan. Èyí tó bá wú, ẹ má gba iná sí i mọ́.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ so ọ̀pá ẹsẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ (ọ̀pá gígùn tó nà síta lábẹ́ rẹ̀ kó má bàa ṣubú) mọ́ ọn, kí ìrù kọjú sí yín. Ẹ gbé e dé bíi mítà 1, torí afẹ́fẹ́ tó ń ta padà láti ilẹ̀ máa ń mú un ta gọ́ọ́gọ́ nísàlẹ̀.