Júùsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò gba ṣúgà

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ dé Orítamẹ́rin n'Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù kẹta kò ní bi mí ìdí tí mo fi ń po júùsì nílé. Ọ̀fun á máa bèèrè nǹkan tútù tó ládùn díẹ̀, ìdí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni ọ̀pọ̀ wa sì ń sá lọ. Tèmi yìí, n kì í da ṣúgà sí i. Gbogbo ẹni tí mo ti rí tó gbìyànjú irú rẹ̀ tó sì parí ẹ̀ sórí páálí ṣúgà, ibi méjì péré ló ti ṣì í: ó bu omi sí i, tàbí ó lọ ọsàn.

Ọ̀pẹ̀yìnbó kan, ọsàn mẹ́jọ, ìlàrin wọtamẹ́lọ̀n tó tóbi díẹ̀, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan á fún yín ní nǹkan bíi kọ́ọ̀pù mẹ́jọ. Ọjà Bódìjà ni mo ti ń ra tèmi. Ẹni tí Ṣáṣá bá sún mọ́, kó lọ síbẹ̀. Ẹ ra odindi. Èyí tí wọ́n gé sínú ọ̀rá létí títì, eṣinṣin ti kọ́kọ́ bá yín tọ́ ọ wò. Ìdí ọ̀pẹ̀yìnbó ni kí ẹ gbé símú. Tí kò bá ta sánsán, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má dá ìyá tó ń sọ pé “á dùn tó bá dé ilé” lóhùn. Ó lè pọ́n nílé lóòótọ́, ó sì lè rọ̀, ṣùgbọ́n adùn tó gbé kúrò lóko náà ni yóò bá a dé ẹnu yín. Ti ọsàn, ẹ má wo àwọ̀. Òru wa kì í tutù tó láti pa awọ rẹ̀ láró, nítorí náà ọsàn tó ti pọ́n dénú ṣì lè rí bí ewé. Ẹ gbé méjì tí wọ́n jọ tóbi bákan náà sọ́wọ́. Èyí tó wúwo jù ló lómi.

Ẹ fọ gbogbo wọn kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n, títí kan èyí tí ẹ máa bó awọ rẹ̀ nù, torí ìdọ̀tí ara awọ ni ọ̀bẹ ń tì wọ inú. Bíbó àti gígé, ẹ mọ ìyẹn.

Wọtamẹ́lọ̀n ló ń kọ́kọ́ wọ bílẹ́ńdà. Bí 92 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ omi, òun gan-an la ó fi lọ ìyókù. Ẹ ṣa kóró dúdú tó bá hàn kúrò. Nígbà tó bá ti ṣàn ni kí ẹ da ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú atalẹ̀. Ẹ má bu omi o! Kọ́ọ̀pù omi kan tí èèyàn bù sí i pé kí bílẹ́ńdà lè yí, òun ló máa rán an níṣẹ́ ṣúgà tó bá yá. Bí bílẹ́ńdà bá kọ̀, ẹ dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù, kí ẹ lọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá síná, irin tí a fi ń rẹ́ ilá á rẹ́ ọ̀pẹ̀yìnbó dáadáa, ẹ ó sì fọwọ́ rin wọtamẹ́lọ̀n mọ́ asẹ́.

Ó ku ọsàn. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Apẹ̀tẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní òun á ṣe júùsì fún àlejò. Ó ra ọsàn tí wọ́n ti bó, ó là á sí méjì méjì, ó dà á sínú bílẹ́ńdà tòun ti kóró. Láago mẹ́wàá tí mo tọ́ ọ wò, ó dùn díẹ̀. Nígbà tó di ago méjì, tí àlejò jókòó tán, ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e sẹ́nu ká ojú kò bí ẹni tó mu omi ewúro. Ọmọ náà sáré da ìdajì páálí ṣúgà sí i. Ó wá di ewúro aláṣúgà.

Inú kóró ọsàn àti funfun abẹ́ awọ rẹ̀ ni ìkorò ń gbé. Bí bílẹ́ńdà bá ti fọ́ wọn, ohun inú wọn á pò mọ́ omi ọsàn tó kan, inú omi kíkan yẹn ni yóò sì ti máa yí padà di kíkorò díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè dùn láàárọ̀ kó sì korò lálẹ́. Bí àwọn olọ́sàn wa ṣe ń bó o ló sì ń tan èèyàn: wọ́n á fi ọ̀bẹ yí awọ òde kúrò, wọ́n á fi funfun sílẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ fẹnu fà á ni wọ́n ń bó o fún. Fún ẹnu, ó dára. Fún bílẹ́ńdà, ó ti bàjẹ́.

Nílé mi, ọsàn kì í wọ bílẹ́ńdà. Ẹ ra èyí tí wọn kò bó, ẹ gé e ní ìbú, ẹ fi ọwọ́ fún un sórí asẹ́ kí asẹ́ bá yín gba kóró. Ike olórí ṣóńṣó tí wọ́n fi ń fún ọsàn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó. Bí omi rẹ̀ bá ti ń kán tó-tó-tó, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá fún un títí awọ fi yí síta ti ń fún funfun náà mọ́ ọn.

Asẹ́ ike ni mo fi ń sẹ́ ìyókù, n kì í sì í sẹ́ ẹ kanlẹ̀, mo fẹ́ràn kí háhá díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má lo aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì. Bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, òórùn kíkan á ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ìyókù. Mílíìkì kọ́, ọ̀pẹ̀yìnbó tútù á sọ ọ́ di kíkorò.

Bí ọ̀pẹ̀yìnbó bá já yín kulẹ̀, ẹ ra dàbínù ní Sábó. Ẹ mú dàbínù mẹ́fà, ẹ yọ kóró inú wọn dànù, ẹ rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sínú omi gbígbóná tó kàn bò ó, kí ẹ lọ ọ́ mọ́ júùsì díẹ̀. Dàbínù ní ṣúgà tirẹ̀, ìdí tí mo fi kà á nìyẹn. Oyin ńkọ́? Ṣúgà tó wọ agbádá ni.

Júùsì fúnra rẹ̀ kò ṣàìní ṣúgà èso, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù. Kọ́ọ̀pù kan lóòjọ́ tó. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó mu ún. Èso tí a jẹ lódindi sàn fún un ju omi rẹ̀ lọ.

Yìnyín inú ọ̀rá omi á tún sọ ọ́ di olómi. Ẹ̀kìrì wọtamẹ́lọ̀n tí mo ti kó sí fírísà láti àná ni yìnyín tèmi. Nínú fíríìjì, ọjọ́ kan ni, ó pẹ́ tán ọjọ́ méjì. Bí iná bá lọ mọ́júmọ́, ẹ rọra ṣí ìdérí ìgò kí ẹ fetí sí i. Bó bá ṣe “ṣiii” bí ẹlẹ́rìndòdò, ó ti ń di ọtí. Ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.