Ẹ̀rù eku kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí oògùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi eku Wistar, eku funfun inú yàrá ìwádìí, dán ewé àti egbò wò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrù eku, níbi tí a ti ń wọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ kí oògùn tó kan eku lẹ́nu rárá.

Ẹ má ṣe mú eku jáde nínú kéèjì, kí ẹ tì í bọ inú ike tóóró, kí ẹ fi rọ́bà há a nírù, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ gbé jáde sílẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Eku mi ń gbọ̀n, ó yàgbẹ́ sínú ike, ìrù rẹ̀ tutù nini. Ẹ̀rọ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, bẹ́ẹ̀ a ò tíì fún un ní nǹkan kan. Ìbẹ̀rù ni mo wọ̀n. Ìgbà tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan mú un mọ́ ike náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, tí mo sì ń mú ìrù rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí iṣan rẹ̀ lè là, ara rẹ̀ balẹ̀, iye náà sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 120 mmHg. Kí ẹnì kan náà máa wọ̀n ọ́n, ní wákàtí kan náà: òru ni eku ń jẹ̀, òru náà sì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga sókè.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí á bẹ̀rẹ̀ L-NAME, oògùn tí a fi ń mú ẹ̀jẹ̀ eku ru, àti àgbo lọ́jọ́ kan náà, kí á wá kọ ọ́ pé àgbo náà wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. L-NAME kì í jẹ́ kí ara ṣe nitric oxide tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Bí ẹ bá fún eku ní méjèèjì pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì ru rí, kí lẹ wò sàn? Ẹ dènà rẹ̀ ni. Ẹni tó wá sí ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ti ru tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku ru ná, kí ẹ wọ̀n ọ́n kó dá yín lójú, kí àgbo tó wọlé. Àgbo tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì lè má ṣe nǹkan kan fún SHR, ìran eku tí Okamoto àti Aoki ròyìn rẹ̀ láti Kyoto ní 1963, tó jẹ́ pé ńṣe ló jogún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ má tẹjú mọ́ nọ́ńbà nìkan. Asofẹ́yẹjẹ ní reserpine nínú. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń kun eku lóorun, ìpéǹpéjú rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ẹni tí kò wo ojú eku náà ò ní mọ̀.

Bí ẹ bá ń pín eku, ẹ má kàn na ọwọ́ sínú kéèjì. Èyí tó lọ́ra lẹ ó kọ́kọ́ mú, ìpín kìn-ín-ní á sì kún fún aláìlera. Ẹ ṣẹ́ kèké.

100 mg/kg lára eku kì í ṣe 100 mg/kg lára ènìyàn. Fún ìṣirò àkọ́kọ́, a máa ń fi 6.2 pín in, á ku nǹkan bí 16. Bí ẹ ò bá pín in, 7,000 mg lẹ fẹ́ kí ẹni 70 kg gbé mì dípò nǹkan bí 1,130.

Eku tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má rọra fi òmíràn dí àyè rẹ̀. Ẹ ṣí i wò, ẹ kọ ọjọ́ tó kú àti ìwọ̀n oògùn tó gbà sílẹ̀, kó wà nínú tábìlì àbájáde pẹ̀lú àwọn tó yè.