₦85,000 tí mo ná lórí pọ́ǹpù tí mi ò nílò

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Oṣù mẹ́ta ni omi ṣáwà ilé wa ní Ìgbógbó, n'Ìkòròdú, fi ń kán tó, tó. Ọṣẹ á ti gbẹ mọ́ni lára kí omi tó kàn án. Púlọ́ńbà tí mo pè gbójú sókè wo tánkì, ó ní, "Ọ̀gá, tánkì yín ò ga tó, àfi kẹ́ ẹ ra pọ́ǹpù." Kò tú nǹkan kan wò. ₦85,000! A gbé pọ́ǹpù sí i, ó ń han gooro, omi ò yí padà.

Ni mo bá dìde fúnra mi. Garawa lítà 10 gba ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó kún. Mo tú orí ṣáwà kúrò, ìṣẹ́jú mẹ́fà náà ni. Ọ̀rọ̀ ò sí lórí ṣáwà nìyẹn. Mo wọn ìdí tánkì sí ṣáwà, mítà 4. Gíga mítà 10 ló ń fún omi ní agbára bar 1 (bar la fi ń wọn bí omi ṣe ń tì tó), tiwa jẹ́ 0.4. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó kí omi dà bí ọ̀nà bá là.

Mo gun òkè lọ. Fáàfù ìdí tánkì, èyí tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń tì í, kàn ń yí lọ́wọ́ mi, kò mú nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Ẹni tó ṣe é kò fi yúníọ̀n, ìsopọ̀ páìpù tó ṣeé tú, sí i, gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́. Àfi ká gé páìpù, kò sì sí fáàfù mìíràn láàárín rẹ̀ àti tánkì tó lè dá omi dúró. Lítà 1,000 ló wà nínú ẹ̀, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹnẹrétọ̀ fà lálẹ́ àná! Garawa àti okùn ni mo fi ń fà á láti òkè. Dírọ́ọ̀mù kún, kẹ́ẹ̀gì kún, Ìyá Ṣèyí tá a jọ pààlà kó bàsíà tiwọn wá. Aago méjì ọ̀sán la tó fà á tán, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó.

Nígbà tí mo gé e, irin pẹlẹbẹ tó ń dí omi nínú fáàfù ti já kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, ó há sí ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí pupa bí osùn dì mọ́ ọn. Òun ló dí ọ̀nà. Pọ́ǹpù kankan ò lè fa omi tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀!

Mo ra fáàfù tuntun ní Sábó, ₦6,500, mo fi yúníọ̀n sí i. Lọ́jọ́ kejì, garawa kún ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóbi, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?" Èmi ni!

Ẹ yí fáàfù ìdí tánkì yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Pọ́ǹpù náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa báyìí. Ẹni tó tà á ní òun ò gbà á padà mọ́, ó ti kan omi.